Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Gún Bọ́ọ̀lù Bí Iyán

Kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò kì í bú ẹ̀gbọ́n, ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo ń ṣe. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bínú, kí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù kan kó lọ tààrà ná, kí wọ́n tó wá bá mi jà.

Láti ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ádó-Èkìtì ni ara wọn ò ti gbélé mọ́. Ayò ò dùn mọ́ wọn lọ́wọ́, ìpàdé ẹgbẹ́ sì ti sú wọn. Ló bá di gọ́ọ̀fù. Wọ́n ra fìlà, wọ́n ra bàtà oníṣòó, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì, wọ́n wá kó igi gọ́ọ̀fù 14 sínú àpò kan. Òfin eré ọ̀hún ni pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ kó ju 14 lọ. Ká ní kò sófin ni, Ẹ̀gbọ́n ì bá kó ogójì. Nínú mẹ́rìnlá yìí, kò tíì sí ẹyọ kan tó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Tó bá ti di Sátidé, a ó gba Ìkẹ́rẹ́ jáde, a ó kí àpáta Olósùnta lókèèrè, a ó la Àkúrẹ́ kọjá lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí Olóyè Adé Òjó, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Elizade, kọ́ pápá gọ́ọ̀fù Smokin Hills sí. Ihò 18 ló wà níbẹ̀, koríko rẹ̀ sì tẹ́ bí ẹní. Ó tẹ́ títí Ẹ̀gbọ́n fi dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n gbé igi sókè bí ẹni fẹ́ gé ìrókò, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀: gbì! Bọ́ọ̀lù ò mira. Ilẹ̀ ló kúrò láyè rẹ̀. Ọmọ tó ń bá wọn gbé àpò wo iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ebè ti délẹ̀ o, ṣé kí n lọ wá èèbù wá?"

Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò wúwo tó gíráàmù 46. Ihò tó yẹ kó wọ̀ ò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11. Abọ́ ọbẹ̀ Ẹ̀gbọ́n fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, wọn kì í sì í ta òkèlè kankan nù nínú ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá ń bá bọ́ọ̀lù, ọ̀tún ló ń yà sí. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ọ̀tún. Ẹ gbàdúrà sí i, ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ́n dé, wọ́n kọjú sí òsì kí wọ́n lè tàn án. Ọ̀tún tó tún wá yà sí lọ́jọ́ náà burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí awakọ̀ tó rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán ní Fájuyì l'Ádó. Wọ́n kọ́kọ́ ní atẹ́gùn ni. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ọ̀hún ayédèrú ni. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní àwọn ará ilé wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní kò sí ará ilé kankan níbẹ̀. Ó ní wọ́n di igi mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú igi sì ń ṣí sílẹ̀ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Èjìká ni wọ́n ń jù síwájú ìbàdí, igi á wá gba ìta wọlé, á fi ẹ̀gbẹ́ ha bọ́ọ̀lù. Ó ní kí wọ́n yí ọwọ́ òsì díẹ̀ sí ọ̀tún títí wọn yóò fi rí oríkèé ìka méjì tàbí mẹ́ta, kí ìbàdí ṣáájú, kí ojú má kúrò nílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó ṣàlàyé. Wọ́n tún ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, kí ni ká ti ṣe é?

Ìyàwó wọn ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ jẹun níbẹ̀, mo bá Ìyá nídìí odó. Ọwọ́ wọn ò le rárá. Ọmọ odó á lọ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, á fi ìwúwo ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, wọ́n ń tẹ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti lé. Ìyá wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹni bá fún ọmọ odó lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ á bó kí uyán tó kúnná."

Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n fọwọ́ rọra di igi mú. Pá! Bọ́ọ̀lù lọ tààrà, ó lu igi ìbẹ́pẹ aládùúgbò, ìbẹ́pẹ méjì já bọ́. Dípò kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀, ijó ni wọ́n ń jó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ihò kìíní, tààrà. Ihò kejì, tààrà. Ní ìkẹta, àwọn obìnrin kan dúró ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n fún igi lọ́rùn.

Ẹ̀yin ará Ìlárá, bí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù funfun kékeré nínú igbó, lápá ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi pa mọ́. Sátidé tó ń bọ̀, a ó wá gbà á.