Alàgbà Mo-Ti-Kà-Á

Kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ paná ní sinimá Ikeja City Mall l'Álàúsà ni, gúgúrú wà lọ́wọ́ oníkálukú, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní ṣíìfù àárọ̀ l'Ọ́ba Akran ti fẹ̀yìn ti àga, nígbà tí Alàgbà Mo-Ti-Kà-Á pa òṣé àkọ́kọ́.

Orúkọ fíìmù nìkan ló ṣì hàn: Dune, apá kejì, tí Denis Villeneuve ṣe, tó jáde lóṣù Kẹta ọdún 2024. Inú ìwé Frank Herbert ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Ọdún 1965 ni ìwé ọ̀hún jáde, Alàgbà sì ti kà á. Ẹ má gbàgbé pé ó ti kà á. Òun náà kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé.

Oríṣi mẹ́ta ni òṣé rẹ̀. Èyí tó kúrú, bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná, ti ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé nìyẹn. Èyí tó gùn díẹ̀ ni ti ohun tí wọ́n fi kún un. Ẹ̀kẹta ni ìyà gan-an: á fà á láti ìdí eyín, á fi imú parí ẹ̀, á wá sinmi díẹ̀, bóyá ẹnì kan á yíjú bi í pé kí ló dé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yíjú, á tún un pa. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í, mo ka òṣé mọ́kàndínlógún kó tó sú mi.

Nígbà tí Paul, akọni ìtàn náà, gún Baron ọ̀tá ẹ̀ lọ́bẹ, tí gbogbo ilé hó yèè, Alàgbà fò dìde. "Irọ́ ni! Alia, àbúrò Paul, ló pa á! Abẹ́rẹ́ olóró ló fi gún un!" Nínú fíìmù, Alia ṣì wà nínú oyún.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó."

"Ẹ̀yin tẹ́ ò kàwé, kí lẹ fẹ́ wò?"

Ariwo kọ́ ló bí mi nínú. Láyé fíìmù Íńdíà, a máa ń ké sí òṣèré pé kó wẹ̀yìn, ọ̀tá ń bọ̀. A sì ń bá a sunkún. Òṣèré là ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni Alàgbà ń bá sọ̀rọ̀? Ekòló abẹ́ yanrìn tó lè gbé odidi ọkọ̀ ojú irin Agége mì wà níwájú ẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń wò.

Ó sì dùn mí pé kò parọ́. Ó ka ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kan àlàyé ọ̀rọ̀ tó wà níparí. Ká ní irọ́ ló ń pa ni, ǹ bá dárí jì í. Àmọ́ kéèyàn wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ já, kó jẹ́ pàṣán tó fẹ́ fi na ọmọ ọlọ́mọ nìkan ló já bọ̀! Ẹ wá bi í léèrè Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde lọ́dún 1938, níbi tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wà. Á ní àmì orí ọ̀rọ̀ ń fọ́ òun lórí.

Lẹ́yìn wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46, a jáde. Kọ̀ńdọ́ ń ké, "Pen Cinema! Pen Cinema!" Sinimá tó fún oríta yẹn lórúkọ ti kógbá sílé tipẹ́, afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 lẹ ó bá níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ìyẹ̀fun ṣì wà létí bàtà iṣẹ́ ẹ̀ sún mọ́ Alàgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìwé yẹn. Tí mo bá kà á tán, màá dá a padà."

Alàgbà wò ó látòkè délẹ̀, ó tún wo bàtà ẹ̀.

"Ìwé yẹn kì í jáde nílé mi."