Mísà Bàbá Alága

Ǹ bá di ẹ̀bi náà ru rédíò, bí kì í bá ṣe pé ẹnu tèmi gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Olóṣèlú kan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló bá ní ẹgbẹ́ òun ti dé "critical mass". Bó ṣe fa ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọ̀ mí lára. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kàn gbà pé "èrò ti pọ̀" ni, àti pé ẹni tó bá kàwé kì í sọ "èrò ti pọ̀" lásán.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbi ìkómọ, mo ní àlejò ti dé critical mass, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀. Ní Ìwó Róòdù, nínú bọ́ọ̀sì tó kọ̀ tí kò gbéra, mo jágbe mọ́ kọ́ńdọ́ pé, "A ti dé critical mass o, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" Ó wò mí látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, a ò débẹ̀ o. Mọ́kọ́lá la ń lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wọ mọ́tò mìíràn."

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. N kò kọ́gbọ́n.

Ìgbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jóná lọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ẹni tó bá ń gbé irú àdúgbò wa mọ̀ pé bí a bá ní ká máa retí àwọn oníná, ọmọ la ó tọ́ dàgbà nínú òkùnkùn, nítorí náà a máa ń dá owó ra nǹkan fúnra wa ni. Bàbá Alága pe ìpàdé. Àga ò kárí, àwọn mìíràn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Oníkálukú ń pariwo pé òun máa san. Orí mi wú. N kò dúró gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan tí mo fi kó owó àpò ẹgbẹ́ fún oníṣẹ́ iná ní àsansílẹ̀. Mo wá kọ ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì kọ̀ọ̀kan: "Ọ̀rọ̀ Bàbá Alága: A ti dé CRITICAL MASS. Kí oníkálukú tètè mú owó wá sílé wọn."

Màmá Onímóínmóín kì í pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ọmọ-ọmọ wọn ló ka ìwé náà fún wọn. "Critical" ò ṣàjèjì sí Màmá: ohun tí dókítà ń sọ nìyẹn bí ó bá fẹ́ kí ẹbí sáré lọ wá owó. "Mass" ńkọ́? Mísà nìyẹn. Àbùṣe bùṣe! Bàbá Alága ti wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, wọ́n ti ń ṣe Mísà fún wọn, owó ọsibítù ni akọ̀wé sì ń wá kiri.

Gbogbo ẹni tó ra móínmóín láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ra ìròyìn mọ́ ọn. Bàbá Alága wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń fọ mọ́tò wọn lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ìyá ìjọ rọ́ wọlé pẹ̀lú ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti mọ́ọ̀tì. Ọ̀kan tiẹ̀ ti ń sunkún bọ̀ láti ojú títì. Bàbá ju tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló kú?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní "èrò ti pọ̀" ni mo ní lọ́kàn.

"Irọ́ ni," Tíṣà dáhùn láti ẹ̀yìn. Físíìsì ni Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bí átọ́ọ̀mù uranium kan bá fọ́, á ta àwọn èérún tí wọ́n ń pè ní neutron jáde. Bí èérún bá gbá átọ́ọ̀mù mìíràn, òun náà á fọ́, á ta tirẹ̀. Bí uranium ò bá tó, èérún tó pọ̀ á fò jáde lọ lófo, iṣẹ́ á sì kú. Ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ọ̀kan á fi máa fa òmíràn láìdáwọ́ dúró ni critical mass. "Tó kéré jù lọ, Akọ̀wé!" Ìwọ̀n náà kì í sì í dúró lójú kan. Uranium-235 tí a mọ rogodo láìfi nǹkan bò ó ń lọ sí bíi kílò 52. Tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kò ní tó mọ́. Fi ohun tó ń dá èérún padà yí i ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tó.

Wọ́n ní onímọ̀ físíìsì kan, Enrico Fermi, ló ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ mú irú iná átọ́ọ̀mù yìí ràn, ní Chicago, lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942, lábẹ́ ìjókòó òǹwòran ní pápá yunifásítì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó ràn, Fermi ní kí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán ná.

"Ọlọ́gbọ́n ni," Bàbá Alága wí, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìbẹ̀wò wọn.

Louis Slotin, onímọ̀ físíìsì bíi tirẹ̀, ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Los Alamos, lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1946, ó ń dé igbá beryllium, tó ń dá èérún padà, bo plutonium díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè sún mọ́ ẹnu ààlà. Screwdriver lásán ló fi há a kí igbá má baà pàdé. Screwdriver yọ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kọ mànà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù, ṣùgbọ́n ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ ọdún 35.

Kò sẹ́ni tó mi. Tíṣà wá kọjú sí mi. "Owó tíráńsífọ́mà àti àhesọ Màmá, èwo ló dé critical mass níbẹ̀?"

Àhesọ ni. Ẹni tó gbọ́ ọ ń sọ fún ẹni mẹ́ta. Owó ńkọ́? Bí onílé kan bá ti ń retí kí aládùúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ san, ariwo ìpàdé ti fò gba ojú fèrèsé lọ. Orúkọ Tíṣà nìkan ló wà nínú ìwé mi. Wọ́n ní àwọn agunkẹ̀kẹ́ San Francisco tó ń jáde pọ̀ láti ọdún 1992 mọ ọ̀rọ̀ náà lò jù mí lọ: orúkọ yẹn ni wọ́n fún ìjáde wọn, wọ́n mú un látinú ìròyìn pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà máa ń dúró lẹ́bàá títì títí wọ́n á fi tó, kí wọ́n tó jọ sọdá. Wọn ò ní láti pọ̀ ju mọ́tò lọ. Kí wọ́n ṣáà ti pọ̀ tó kí mọ́tò dúró.

Oníṣẹ́ iná ò dá kọ́bọ̀ padà o. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Màmá Onímóínmóín ti ń ronú látìgbà yẹn. "Tíṣà, ọmọ tí irin yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ yẹn, ṣé wọ́n ṣe Mísà fún un?"

Tíṣà ní ọmọ Júù ni.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Jésù ńkọ́, ará Ìjẹ̀bú ni?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Fadá ka ẹ̀bẹ̀ Mísà: ìdúpẹ́ fún Bàbá Alága tí ikú yẹ̀ lórí wọn, àti ìsinmi ọkàn Louis Slotin. Owó Mísà méjèèjì, èmi ni wọ́n ní kí n san.