Ìgò Ìtọ̀ Ọmọ Yàrá Kẹta

Ìyá Ìbejì, ẹ sún àpótí yín mọ́ mi, ẹ jẹ́ ká jọ ṣa ẹ̀wà yìí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé pariwo. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ọ̀rọ̀ ló máa ń wá mi wá sílé. Tí mo bá sì rí i pé ó ti jókòó, ṣé kí n lé àlejò ni?

Ọmọ yàrá kẹta ni. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ga yẹn, tó ń gbá nọ́ńbà náìnì, tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì Bàbá Onílé, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja díndín ní ìsàlẹ̀ Òṣòdì. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó ti féèlì àyẹ̀wò drọ́ọ̀gù. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Pọ́túgà gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n bá igbó níbẹ̀, wọ́n bá Kòlórádò, wọ́n tún bá ohun tí wọn ò tíì rí orúkọ fún. Gbogbo Ìsọlọ̀ ló ti gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́, torí pé ẹ lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín láti ìdí. Ọjọ́ Ajé ni, ní ìdájí, Ìyá Alágbo ń pọn omi. Ó rí ọmọ náà tó ń yọ́ jáde pẹ̀lú ọ̀rá dúdú. Ó ní, “Kí lo gbé?” Ọmọ náà ní kò sí nǹkan, ó fi ọ̀rá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ti là á kọjá: ìgò kékeré ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìyá Alágbo ti ta agbo pẹ́ débi pé kò sí omi pípọ́n tí yóò ṣì mọ̀. Ìtọ̀ ni. Ẹ wá wò ó, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún wo ni yóò gbé ìtọ̀ ara rẹ̀ tí yóò máa fi yangàn? Kò sí ẹni tí kò ní fi sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n fífi tó fi sẹ́yìn yẹn ló bà á jẹ́.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà Aswani. Kí Ìyá Alágbo tó dé ibi tí wọ́n ti ń tú bélì òkìríkà, ìgò kan ti di mẹ́ta. Nígbà tó fi máa ra búláòsì tán, NDLEA ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹnì kan tún ní NAFDAC ni wọ́n gbé ìgò náà lọ, torí ọ́fíìsì wọn kò jìnnà, inú Industrial Estate wa níbí ló wà. Mo ní NAFDAC tó ń wo oúnjẹ àti oògùn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìtọ̀ ọmọ yàrá kẹta ṣe? Àbí wọ́n fẹ́ fún un ní nọ́ńbà?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Onílé, tí rédíò rẹ̀ kì í sùn, jáde wá sọ pé WADA ni wọn. Bàbá yàrá kẹsàn-án ní òun mọ WADA, ìpolongo Marwa, ọ̀gá NDLEA, ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2021 láti fi gbógun ti ìlòkulò oògùn. Bàbá Onílé ní irọ́ ni, WADA wà ní Montreal ní Kánádà, láti 1999 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn ló ń ṣọ́ àwọn eléré ìdárayá gbogbo ayé. Ìjà fẹ́ bẹ́. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ! WADA méjì ló wà, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ilé wa wà láyé yìí.

Ibẹ̀ ni Bàbá Onílé ti gbé ọ̀rọ̀ Maradona jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n, tí a bá ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, Maradona ni yóò fi parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1994, Ajẹntínà gbá wa ní 2–1 nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Siasia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, Caniggia sì jẹ méjì dá a padà. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè tán, nọ́ọ̀sì kan wọ pápá, ó di Maradona lọ́wọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ tọ̀ sí nǹkan. Wọ́n bá efidírìnì níbẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Títí di òní, Bàbá Onílé ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n dá máàkì wa padà. Ó ní àwa la gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹni tó mu nǹkan, àwa la jìyà, àwọn mìíràn ló wá gba èsì. Owó iná la sọ fún un pé kó sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣa ẹ̀wà yẹn tán, ó kù. Ìyàwó yàrá kẹrin, ẹni tó kàwé yẹn, sọ ohun kan tó wọ̀ mí lára. Ó ní àwọn míì ò mu igbó, ilé ni wọ́n ti gbé oògùn jẹ. Kolo Touré ti Ivory Coast, nígbà tó wà ní Manchester City ní 2011, oògùn ìfọnra ìyàwó rẹ̀ ló gbé mì. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kó fi jókòó. Onana ará Kamẹrúùnù, gólì Ajax, oògùn ìyàwó tirẹ̀ náà ló ṣèèṣì lò ní 2020. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ó pẹjọ́, wọ́n dín in kù sí oṣù mẹ́sàn-án. Mo wo Ìyá Alágbo lójú. Nínú ilé wa yìí, ta ni kò tíì mu agbo rẹ̀? Agbo ibà, agbo jẹ̀díjẹ̀dí, èyí tó fi ògógóró rẹ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá gbé ìtọ̀ oníbàárà rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yẹn ló máa kọ́kọ́ féèlì.

Ẹ jẹ́ ká yé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ igbó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí, tírámọ́dọ̀ ni. Orí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ lálẹ́, orúnkún ń dùn wọ́n, kẹ́mísì sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní kodíìnì ní 2018, ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán. Kò tán. Tírámọ́dọ̀ yìí, WADA ti Kánádà yẹn, January 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mọ́ ohun tí eléré ò gbọdọ̀ ní lára lọ́jọ́ ìdíje. Ọmọ tó ń gbé e mì kò ní gbà pé drọ́ọ̀gù lòun ń lò. Yóò ní òun ń wo orúnkún. Ìyá rẹ̀ á tún bá a bu omi tí yóò fi gbé e mì. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ ìyẹn ní ilé wa? Kò sẹ́ni. Ìtọ̀ inú ọ̀rá dúdú ló dùn sọ.

Àbúrò Bàbá Onílé tó wà ní Houston ló là mí lójú sí ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń jáde. Ó ní bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Lọ́dọọdún, lápá ìparí oṣù kẹrin, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó, wọ́n á máa yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń yan sẹ́ẹ̀tì ní monkey post, àfi pé ẹgbẹ́ tó gbá burú jù lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú. Dírááfùtì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mú lowó rẹ̀ pọ̀. Bó bá ṣe ń sún sẹ́yìn lowó ń já. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti kó wọn jọ sí Indianapolis, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n sáré, wọ́n á gba ìtọ̀ wọn. Èsì rẹ̀, àṣírí ló yẹ kó jẹ́. Àṣírí tí ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n jọ mọ̀, Ìyá Ìbejì! Nílé oníyàrá mẹ́wàá wa yìí ńkọ́?

Ní 1995, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Warren Sapp. Ó tóbi, ó tún yára. Nígbà tí dírááfùtì dé, ìròyìn pé ó féèlì àyẹ̀wò drọ́ọ̀gù ti gba ìlú kan, ni àwọn ẹgbẹ́ bá ń fò ó kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí Tampa Bay fi mú un ní ipò kejìlá. Ọmọ tí wọ́n ń sá fún yẹn, ní 2013 wọ́n gbé e wọ ilé àwọn akọni eré náà. Ti 2016 ló tún burú jù. Laremy Tunsil ti wọ kóòtù, ó ti so táì, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan já wọ ojú Twitter rẹ̀, ó gbé fídíò síta níbi tí ọmọ náà ti fi ìbòjú gáàsì dé ojú, tó ń fa igbó gba inú rẹ̀. Ipò kẹtàlá ni Miami tó mú un, mílíọ̀nù dọ́là sì ti gba ojú fèrèsé lọ. Ó ní òun ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́. Ó padà wá gbá fún Houston, àbúrò Bàbá Onílé ní òun ti fojú ara òun rí i. Ẹ sì wá gbọ́: láti 2020, wọn kì í tìtorí igbó nìkan sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé mọ́ níbẹ̀.

Fídíò yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn ló jáde? Èmi náà bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àjẹ́ńtì Pọ́túgà yẹn ń bọ̀ wá ṣe screening ni ìtọ̀ ọmọ yàrá kẹta di ìròyìn. Ààyè kan ṣoṣo ni àjẹ́ńtì ní òun ní. Ọmọ yàrá keje náà nọ́ńbà náìnì ló ń gbá. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ìyá yàrá keje ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, mo lè bá a jẹ́rìí. Ohun tó ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ yàrá kẹta, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, “Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wọn o.” Àdúrà ni. Ṣùgbọ́n ta ni “wọn”?

Ìyá yàrá kẹta gbọ́. Kò bá a jà. Ó kàn dúró níbi tí a ti ń sá aṣọ, ó ní ọmọ yàrá keje tó ti ń fárùngbọ̀n láti ìgbà tí Fashola ń ṣe gómìnà, ó yà òun lẹ́nu pé ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Yéè! Ọ̀rọ̀ kúrò ní ìtọ̀, ó di ọ̀rọ̀ egungun. Ìyàwó yàrá kẹrin tún gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní FIFA ti ní ẹ̀rọ MRI tó ń ya ọrùn ọwọ́ wò láti 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ lálejò. Tí egungun ibẹ̀ bá ti so pọ̀ tán, ọmọ ọ̀hún ti kọjá ọdún tó pè. Ní 2016, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ọmọ Golden Eaglets wa ló féèlì ẹ̀rọ yẹn. Kamẹrúùnù náà yẹ ọgbọ̀n ọmọ wò ní 2023, mọ́kànlélógún ló féèlì. Ṣùgbọ́n ó ní ká má yọ̀ jù, nítorí Minala, ọmọ Kamẹrúùnù tó wà ní Lazio ní 2014, tí wọ́n ní ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Àwọn ará Ítálì wádìí rẹ̀, wọn ò rí ẹ̀bi kankan. Ojú rẹ̀ ló kàn dàgbà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọmọ yàrá keje ti ń fi òrí pa ọrùn ọwọ́ lálaalẹ́. Mo rí i. Èmi kì í wo fèrèsé oní-fèrèsé, kọ́tìnì ni kò ní.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àjẹ́ńtì tó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún fọ́ọ̀mù, tó ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí pápá, ṣé òun ló máa fowó ara rẹ̀ yẹ ìtọ̀ ọmọlọ́mọ wò? MRI ńkọ́, tí owó rẹ̀ lè ra ẹ̀wà tí n óò fi dín àkàrà fún oṣù mélòó kan? Kò sí ẹni tó yẹ ẹnikẹ́ni wò. Táífọ́ọ̀dù ni ọmọ yàrá kẹta lọ yẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó sì ní in! Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe screening, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà ní Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀, dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yàrá keje lọ, ó jẹ góòlù mẹ́ta, àjẹ́ńtì gbà á lọ́wọ́, ó ní kó lọ múra ìrìn àjò.

Fóònù àjẹ́ńtì kò lọ mọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ní òun dé sí ní Máfolúkù ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ni ìyá yàrá kẹta àti ìyá yàrá keje, tí wọn ò kí ara wọn láti ìgbà ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n, bá jọ jáde láàárọ̀ yìí, wọ́n jókòó pọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kan náà, wọ́n ń lọ wá owó fọ́ọ̀mù wọn. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà láti wò wọ́n, kẹ̀kẹ́ ti yí kọ́nà. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ wọlé láti ìta báyìí, ẹ ò pàdé wọn? Ta ló sanwó kẹ̀kẹ́?