Ìwé Ìlànà fún Òmùgọ̀ Tó Ń Fọ Abọ́ Lọ́fíìsì

Jókòó dáadáa, òmùgọ̀. Mo rí ọ lánàá. O jẹ ẹ̀bà rẹ tán, o fọ abọ́, o fọ ṣíbí, o tún mú àkísà, o nu etí sínkì tí kì í ṣe ìwọ lo da omi sí. Ta ló bẹ̀ ọ́? Ó ti pẹ́ tí irú yín ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwa ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìlànà yìí, bóyá wàá gba ìwòsàn.

Kí o má baà rò pé ẹnu lásán ni mò ń là, jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòtún, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ráńdábáòtù. Orúkọ iléeṣẹ́ náà kò kàn ọ́. Ènìyàn mọ́kànlá ni wá, ilé ìdáná kan la jọ ń lò: sínkì kan, fíríìjì kan tí a fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró, kẹ́tùlù kan, àti kànrìnkàn kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ kì í yọ. Mẹ́ruwà ló ń ti ọmọlanke wá láràárọ̀, a sì ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Síbẹ̀, o ń fi omi olówó fọ abọ́! Àánú rẹ ṣe mí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Má ṣe sọ pé "èmi" láé

"Gbogbo wa" ni kí o máa sọ. Bí ìpàdé bá wà, tètè nawọ́ sókè, kí o ní, "Gbogbo wa la gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ilé ìdáná yìí o." Gbogbo orí á mì. Ọ̀gá á ní ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. Ìpàdé á parí, abọ́ á sì wà níbi tó wà.

Ìdí ni pé Gbogbo Wa kì í ṣe ènìyàn. Mo ti wo ìwé tí a fi ń sanwó oṣù, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kì í dé àárọ̀, kì í lọ ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tí o bá gbé fún un, atẹ́gùn lo gbé e fún.

Àwọn òyìnbó gan-an ti fìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ní Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àwọn olùwádìí kan ní Burnet Institute fi nọ́ńbà sára ṣíbí tíì 70 ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n pín wọn sí àwọn yàrá tí wọ́n ti ń mu tíì níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń kà wọ́n fún oṣù 5. Ṣíbí 56 ló pòórá. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú British Medical Journal ní oṣù Kejìlá ọdún 2005. Níbi tó dùn sí rèé: ní yàrá tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ọjọ́ 42 péré ti tó kí ìdajì ṣíbí lọ, ní yàrá tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó tó ọjọ́ 77. Ṣé o rí i? Ṣíbí ni Gbogbo Wa ń jẹ. Láti Ọsirélíà títí dé Ìkòtún, ikùn rẹ̀ kì í kún.

Ẹ̀kọ́ kejì: Máa rẹ abọ́

Ẹni tó bá gbé abọ́ tó dọ̀tí sílẹ̀ lásán, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bu omi díẹ̀ sí i, tó ní "mo fẹ́ kó rẹ ni," aláápọn ni. Omi ife kan péré ló wà láàárín ọ̀lẹ àti aláápọn. Ẹ̀bà tó bá ti gbẹ mọ́ abọ́, sìmẹ́ńtì ni, ó sì yẹ kí sìmẹ́ńtì rí omi mu fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn wólé-wólé máa ń wọ agbo ilé, wọ́n á ṣí ìkòkò omi, wọ́n á yọjú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí tanwíjí níbẹ̀, onílé ti dé kọ́ọ̀tù nìyẹn. Àwọn ìyá wa ń fọ ìkòkò torí pé wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Fọkàn balẹ̀. Ilé ìdáná wa, wólé-wólé kankan ò débẹ̀ rí. Tanwíjí tó bá wà nínú abọ́ rẹ, jẹ́ kó dàgbà kó di ẹ̀fọn, kó fò lọ bá Bọ̀ọ̀dá Akáńtì nídìí tábìlì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Má kọ orúkọ sára kúlà

Bí o bá fẹ́ gbé oúnjẹ sí fíríìjì, yọ ohunkóhun tó lè mú kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ lo ni ín. Tì í sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà, gbàgbé rẹ̀. Iná á lọ, iná á dé, iná á tún lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọbẹ̀ ilá á kọ́kọ́ kan, lẹ́yìn náà á hu irun. Ọbẹ̀ tó bá ti hu irun kì í ṣe oúnjẹ mọ́, ẹran ọ̀sìn ni, kò sì sí òfin tó ní kí ènìyàn máa pa ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn.

Òfin fíríìjì rọrùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn ló ni ín. Nítorí náà, bí o bá ṣí i tí nǹkan ta sí ọ nímú, rọra tì í padà, kí o máa súfèé lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí WhatsApp

Ya fọ́tò sínkì. Fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó sún mọ́ sínkì kankan. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Lẹ́yìn náà kọ ọ́ pé, "Àwọn kan wà láàárín wa..." Dúró níbẹ̀. Má dárúkọ. Àwọn kan yìí, ìbátan Gbogbo Wa ni wọ́n.

Wàá rí i pé ẹni tó ni abọ́ inú fọ́tò náà ló máa kọ́kọ́ dáhùn pé "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n." Ẹlòmíràn á fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Àtàǹpàkò mẹ́wàá á pé, ìka tó máa di kànrìnkàn mú kò sì ní sí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Fi ọ̀wọ̀ ṣe asà

Èdè wa kún fún ọ̀wọ̀, má jẹ́ kó ṣòfò. Bí o bá ju ẹni tó ń bá ọ wí lọ, kò sí ohun tó lè ṣe ọ́. Gbọ́ bí àgbà kan nínú wa ṣe ń ṣe é:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, abọ́ yín ṣì wà nínú sínkì láti àná."

"Àbúrò mi, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Bá mi kí wọn o."

Ó parí. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló padà fọ abọ́ náà.

Bí ìwọ lo kéré jù, sọ pé iṣẹ́ Ọ̀gá wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, rọra rìn kọjá lẹ́bàá Àǹtí Sẹ́kírítárì, kí o mí kanlẹ̀, kí o ní ilé tí obìnrin bá wà kì í dọ̀tí. Ṣùgbọ́n rí i pé ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí kí o tó sọ ọ́, torí a ò tíì rí ìdérí kẹ́tùlù tó fi fèsì fún ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn.

Màmá tó ń gbálẹ̀ ńkọ́? Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń dé. Ilẹ̀, ṣáláńgá àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbà wọ́n fún, kò sí abọ́ níbẹ̀. Ìwọ ṣáà máa kúnlẹ̀ kí wọn: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á máa fún yín lókun." Àdúrà náà ni owó iṣẹ́ abọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹfà: Gba èkúté síṣẹ́

Bí o bá tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ kejìlá á dé fúnra rẹ̀. Èkúté kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í gba ìsinmi, òun nìkan sì ni kò fi oúnjẹ kankan sílẹ̀ nínú abọ́.

Àwọn oníbẹ̀rù á máa pariwo ibà Lásà. Òótọ́ ni pé ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí àwọn dókítà ti dá àìsàn náà mọ̀ ní 1969, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òótọ́ ni pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e wọnú oúnjẹ àti abọ́, ó sì ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni èkúté máa mú? Gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa.

Ẹ̀kọ́ keje: Dúró de ìjọba

Láyé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, tí wọ́n dá WAI (War Against Indiscipline, ìgbógunti ìwà àìníjàánu) sílẹ̀ ní 1984, ojú rí tó. Láti ìgbà yẹn wá ni ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù ti di ọjọ́ ìgbálẹ̀. Ní Èkó nígbà náà, láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀, mọ́tò kì í rìn. Àwọn kan ń kó gọ́tà, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ìgbálẹ̀ mi kọ́. Bí wọ́n bá tún gbé òfin mìíràn dé, kí wọ́n wá kan ìlẹ̀kùn mi.

Ṣebí ìdọ̀tí wa náà ń lọ síbì kan? Ààtàn ńlá Sólóùsì ní Ìgàndò nìyẹn, kò ju ọ̀nà díẹ̀ lọ sí wa. Kí ló dé tí abọ́ á fi máa sáré, nígbà tí ààtàn wà nítòsí?

Ìkìlọ̀: Ohun tí o gbọ́dọ̀ sá fún

Ewu kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, àwọn baba wa ló sì fi sílẹ̀ fún wa. Àáró ni wọ́n ń pè é. Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, ayé á wá ràn án lọ́wọ́, wọ́n á jẹ, wọ́n á tú ká. Àáró ní gbèsè nínú. Lónìí, oko tìrẹ la wà. Lọ́la, oko tèmi ni. Bí o bá fi ọjọ́ tèmi sá, ọjọ́ tìrẹ á dé, ìwọ nìkan ni wàá dúró sáàárín ebè. Nínú àáró, Gbogbo Wa ò ríbi jókòó: orúkọ ni, ọjọ́ ni, gbèsè sì ni.

Arábìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elinor Ostrom, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń jọ lo igbó, omi àti ẹja. Ó rí i pé ohun tí a jọ ni kì í bàjẹ́ dandan, bí àwọn tó ni ín bá fúnra wọn ṣòfin, tí wọ́n ń ṣọ́ra wọn, tí ìtánràn kékeré sì wà fún ẹni tó bá rú u. Ní 2009, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Àfi bí ẹni tó ti bá bàbá bàbá mi ro oko.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an rèé. Àwa mọ́kànlá yìí kan náà la jọ ń dá àjọ. Bọ̀ọ̀dá Akáńtì ló ń kó o, ó ní ìwé pélébé kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, oṣù kan ò tíì já, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé "gbogbo wa la máa kó o lóṣù yìí." Kódà ẹni tó ń rẹ abọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin mọ ọjọ́ tí owó kàn án lórí. Bí ẹnìkan bá lọ gbèrò pé kí a kọ fífọ abọ́ sínú ìwé pélébé yẹn, a ti kú nìyẹn.

Nílé ńkọ́? Ẹ̀yìn ọjà Ìkòtún ni mò ń gbé, yàrá mẹ́jọ kọjú síra wọn, ilé ìdáná kan, ṣáláńgá kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ tó bá kàn mí, Ìyá Onílé á dúró lójú fèrèsé: "Bàbá Ìbejì! Ẹ̀yin ló kàn o!" Mi ò tíì rí ìgbà tí mo ní kí Gbogbo Wa bá mi dáhùn. Màá ti dìde, ìgbálẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó jí tán.

Má jẹ́ kí Ìyá Onílé rí ọ̀nà ọ́fíìsì wa.

Ìdánwò àṣekágbá

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Abọ́ kan wà nínú sínkì láti Ọjọ́bọ̀. Ta ni fífọ rẹ̀ kàn?

Bí o bá dáhùn pé "gbogbo wa ni," o yege. Máàkì 100. Ìwé ẹ̀rí rẹ wà nínú fíríìjì, lábẹ́ kúlà aláwọ̀ búlúù tí kò lórúkọ. Lọ fọwọ́ ara rẹ mú un.

Bí o bá dáhùn pé "èmi ló kàn," o fìdí rẹmi. Òmùgọ̀ lo wá, òmùgọ̀ lo ń lọ. Kànrìnkàn wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Bí o bá sì fọ abọ́ tìrẹ tán, jọ̀ọ́, bá mi fọwọ́ kan èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ni ín.