Ìjàpá Ka Èkùrọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Pa

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Láyé ọjọ́un, ẹyìn ń rà sídìí ọ̀pẹ nínú igbó Òkè-Ìlá, síbẹ̀ fìtílà àwọn ẹranko ò lépo. Ọ̀bọ bá tọ Erin ọba lọ.

“Kábíyèsí, ẹ máa fún mi ní ẹyìn, màá kọ́ ẹbu epo sétí omi Ayíkúnnugbá. Epo á jẹ́ tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, èkùrọ́ á jẹ́ tèmi, fún ogún ọdún.”

Òkété akọ̀wé ààfin kọ ìwé rẹ̀. (Ẹ fi ti Òkété sílẹ̀ ná.) Erin ò kó ẹyìn wá, Ọ̀bọ náà ò ri òpó kan mọ́lẹ̀. Ni Ọ̀bọ bá pe Erin lẹ́jọ́ nílùú òkèèrè, ó sì háyà Ìjàpá pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí onímọ̀.

Ìjàpá mu ẹmu Ìlá kí ojú rẹ̀ lè là, ó tẹ́ ẹní, ó da èkùrọ́ sí i, ó ń kà á ní márùn-ún márùn-ún. Ó yọ owó igi ìdáná. Kódà, ó yọ owó gaàrí tí àwọn alágbàṣe ìbá jẹ! Lẹ́yìn náà ló wá lé èlé sórí ìyókù.

Ìjàpá, kí lo kà?
Èkùrọ́!
Ta ló pa á?
Èkùrọ́!
Òpó ẹbu dà?
Èkùrọ́!
Ogún ọdún pé!
Èkùrọ́!

Adájọ́ gbà á wọlé. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni kó bi Nàìjíríà. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ P&ID bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé 20 ọdún láti tún gáàsì ṣe fún iná mànàmáná. Wọn ò kọ́ iléeṣẹ́ kankan. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là; èlé sọ ọ́ di bílíọ̀nù 11 kí Adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ ní October 2023 pé èrú ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà.

Ti Ọ̀bọ náà tú. Wọ́n yẹ àpò Òkété wò, wọ́n bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ọ̀bọ níbẹ̀. Ẹjọ́ dàrú, àmọ́ Ìjàpá ti gbowó iṣẹ́ ná.

Erin ránṣẹ́ pè é.

“Kábíyèsí, kí n ka èkùrọ́ ni wọ́n wí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹbu wà.”

Erin wò ó títí.

“Èmi àti Ẹfọ̀n ń fa ọ̀rọ̀ odò kan. Eélòó lò ń gbà?”

Ìjàpá ti ń tẹ́ ẹní.