Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Máa Ṣe Wẹ́bùsáìtì Tà ní Ìbàràpá

Iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ń bẹ ní Ìbàràpá. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èrúwà ń fẹ́ ẹ, òtẹ́ẹ̀lì ní Igbó-Ọrà ń fẹ́ ẹ, àwọn tó ń ṣe gaàrí àti láfún tà fún ará Èkó náà ń fẹ́ ẹ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìtọ́sọ́nà fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí ọ̀gá lórí, tí kò sì fẹ́ kí oníbàárà kankan pe òun lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbésẹ̀ méje nìyí, kí ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje lè rí tirẹ̀ mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kó irinṣẹ́ jọ, má fi ṣiṣẹ́

Forúkọ sílẹ̀ níbi gbogbo. Figma ni kí o kọ́kọ́ wọ̀, torí inú bíráósà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Má ya nǹkan kan níbẹ̀. Gba VS Code, irinṣẹ́ ìkọ kóòdù tí Microsoft gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2015, kí o fi odindi ọ̀sán kan yan àwọ̀ tí yóò ní. Láti 2014 ni freeCodeCamp ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí o lọ ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kan náà ní W3Schools, kí o tún un kà ní MDN. Má dé ẹ̀kọ́ kejì níbì kankan. Bí ìjọba àpapọ̀ bá tún pe èèyàn sí ètò bíi 3MTT, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà, kí o sì gbé e sí WhatsApp. Ẹni tó ní àkàǹtì ogún kì í ráyè ṣe wẹ́bùsáìtì ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: má bi oníbàárà ní ohunkóhun

Ó lè jẹ́ pé ohun tí màmá onígaàrí ń fẹ́ kò ju kí ará Èkó rí iye tí àpò kan jẹ́ àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Má jẹ́ kó ráyè sọ ọ́. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́," ni kí o wí. Kí o wá ṣe ojú ewé mẹ́sàn-án fún un, ọ̀kan fún "Ìran Wa", ọ̀kan fún "Iṣẹ́ Tí A Rán Ara Wa", kí nọ́ńbà fóònù sì fara pamọ́ sísàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ, ní kí ChatGPT kọ ìtàn ìlú Ìdèrè. Yóò kọ ọ́ geerege, ó sì lè fi ọba tí kò jẹ rí jẹ níbẹ̀. Má fi han àgbàlagbà kankan kó tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: jí nǹkan níbi tí wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́

Matt Mullenweg àti Mike Little gbé WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì, jáde lọ́dún 2003. Ọ̀fẹ́ ni títí dòní, téèmù ọ̀fẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ lọ jàra. Fojú fo gbogbo wọn. Lọ sórí Telegram, kí o wá téèmù olówó tí ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀. Ẹni náà kò ṣàánú rẹ lásán, ó sábà máa ń fi kóòdù tirẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òbí yóò ṣí wẹ́bùsáìtì ilé ẹ̀kọ́ láti wo ọjọ́ ìwọlé, yóò bá ara rẹ̀ nílé tẹ́tẹ́. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá pè ọ́, sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yan fọ́ńtì tó rẹwà tí kò gbọ́ Yorùbá

Kọ "Èrúwà" wò. Kọ "Ìgàngàn", kọ "Tápà". Gbogbo wọn yóò jáde dáadáa, torí àwọn èdè Yúróòpù náà ń lo è, ú, ì, á àti à. Dúró síbẹ̀. Má dán "Igbó-Ọrà" wò, má sì sún mọ́ "Lánlátẹ̀" rárá. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì oge ni kò ní lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́. Bí o bá kọ Ọ, bíráósà yóò lọ yá a láti inú fọ́ńtì mìíràn, lẹ́tà kan á sanra láàárín àwọn tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀.

Ti Lánlátẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ẹ, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ̀. Lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, fọ́ńtì ni yóò gbé èkejì lé èkíní lórí. Fọ́ńtì tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ yìí yóò gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́ńtì Noto wà lọ́dọ̀ Google lọ́fẹ̀ẹ́, ó mọ gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọdọ̀ lò ó. Bí oníbàárà bá ráhùn, yọ gbogbo àmì kúrò, kí o ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é l'Ámẹ́ríkà. Kábíyèsí tí orúkọ wọn di ohun mìíràn lórí wẹ́bùsáìtì ìlú yóò ránṣẹ́ pè ọ́ láti kí ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: jẹ dátà onídátà

Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe Ọdún Ìbejì Àgbáyé níbẹ̀, nítorí náà àwòrán kò ní wọ́n ọ. Má bi òbí àwọn ìbejì léèrè. Gbé àwòrán sókè bí fóònù ṣe yà á, mẹ́gábáìtì mẹ́fà-mẹ́fà. Squoosh ti Google ń dín ìwọ̀n àwòrán kù lọ́fẹ̀ẹ́ láìba ojú rẹ̀ jẹ́. Má ṣí i. Lighthouse tó wà nínú Chrome yóò sọ bí ojú ewé rẹ ṣe lọ́ra tó lórí fóònù. Má tẹ̀ ẹ́. Lápútọ́ọ̀pù tìrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ni kí o ti máa wo iṣẹ́ rẹ. Ará Ayétẹ̀ tó ra dátà kékeré yóò jókòó wòran títí Táyé yóò fi yọjú, ti Kẹ́hìndé di ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fi owó onílé ra ilé sórúkọ ara rẹ

Abẹ́ àbójútó NiRA ni orúkọ tó parí sí .ng wà, owó rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí ó máa ń tán. Gba owó lọ́wọ́ olótẹ́ẹ̀lì, kí o fi orúkọ tìrẹ rà á, pẹ̀lú ímeèlì tí o ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Inú ímeèlì yẹn ni ìkìlọ̀ pé owó ti tán yóò wọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò kà á. Tún gba owó ààbò fún àmì àgádágodo tó wà lókè àwọn bíráósà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2015 ni Let's Encrypt ti ń pín ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Má tọ́jú ẹ̀dà wẹ́bùsáìtì pamọ́, àìnígbàgbọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: má sọ̀rọ̀ owó

Àgbà ni oníbàárà, ojú ń tì ọ́. "Ohun tí ẹ bá ní náà ni, Dádì," ni kí o sọ. Má kọ àdéhùn, má gba àsansílẹ̀. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, lè bá ọ fi líǹkì gba náírà, gbàgbé rẹ̀. Fún oníbàárà òkè òkun, lọ sí Upwork, níbi tí a ti ń fowó ra ààyè láti tọrọ iṣẹ́, kí o fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí àádọ́ta ènìyàn láìka ohun tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́. Lórí Fiverr, dá iye tó kéré jù, má rántí pé wọn yóò yọ 20 nínú 100. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí ni kí o tó ní kí wọ́n fi PayPal sanwó, má sì kọ́kọ́ wádìí. Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà lọ́dún 2014, a lè fi san owó fún ẹlòmíràn, a kò lè fi gba tiwa.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn

Bí o bá pàdé ọmọbìnrin kan tó jáde ní Pọlitẹ́kíníìkì Èrúwà, tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, sá fún un. Kó tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, yóò ti máa bi màmá onígaàrí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ẹ fẹ́ kó pè yín? Irú fóònù wo ni wọ́n ń lò? Báwo ni ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?" Yóò gba ìdajì owó ṣáájú, yóò fi orúkọ màmá ra .com.ng, yóò fi ojú ewé kan ṣoṣo parí iṣẹ́. Irú wọn ló ń ba ọjà jẹ́ fún wa. Àwọn màmá ti wá ń retí báyìí pé kí á bi wọ́n léèrè.