Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ńjíníà àti i7 Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í wọṣọ. Láti ọjọ́ tí ó ti gbé e délé ni ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fáànù onídùúró kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá kọjú sí àwọn wáyà inú rẹ̀, ẹni tó ni yàrá sì ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ẹ́ńjíníà ni àwọn ará ilé ń pè é. Ìṣirò owó ló kà ní poli, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tí síkúrúdiráfà kì í kúrò lápò rẹ̀ jiyàn? Àdúgbò wo ní Èkó ni kò ní irú rẹ̀ kan? Ìbàdàn ní tirẹ̀, Abẹ́òkúta náà ní.

Oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀ fún gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà: processor i7. Bí géèmù bá ń wọ́, i7. Bí Windows bá pẹ́ kó tó ṣí, i7. Àbúrò rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lọ dáadáa. Ó ní àìsí i7 ló fà á.

Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ yìí ni Dell OptiPlex 790, tòkunbọ̀ tí ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò tẹ́rùn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 2011 ni irú rẹ̀ jáde. Core i3-2120 ló wà nínú rẹ̀, core méjì péré, tó tó fún lẹ́tà àti ìwé owó oṣù, tó sì tó fún PES 2013 tí àbúrò rẹ̀ ń gbá lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. GTA V ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí géèmù yẹn dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn tó ṣe é dá a lábàá pé kí èèyàn ní Core i5-3470, RAM 8GB, àti graphics card tó tó GTX 660. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ka èkíní, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ láti ka ìyókù. Ìkẹjà ló bọ́ sí.

Ẹni tó bá mọ Computer Village mọ̀ pé wọ́n kì í jẹ́ kí oníbàárà rìn dé òpin òpópó Otigba kí wọ́n tó dì í lápá mú.

“Ọ̀gá mi, ẹ wo èyí. i7-3770. Bàbá gbogbo wọn nìyí.”

“Ṣé yóò wọ ti èmi?”

“Socket kan náà ni, ọ̀gá mi. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀.”

Òǹtajà kò purọ́. LGA 1155 ni socket méjèèjì, 3770 náà sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ihò. Bọ̀ọ̀dá tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú bí ó ti wà. Ìran 2012 ni processor náà. BIOS inú 790, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n rí. OptiPlex 7010 tó jáde tẹ̀ lé e ló mọ̀ ọ́n. Wíwọ ihò lọ́tọ̀, kí BIOS dá ni mọ̀ lọ́tọ̀. Ó gbé e padà lọ, wọ́n sì fi i7-2600 pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Owó èyí kéré sí ti èkíní, ó sì yẹ kí ó gba ṣéńjì, ṣùgbọ́n owó kì í rìn sẹ́yìn ní Otigba.

Lọ́tẹ̀ yìí, iná tàn. Kí ó tó fọwọ́ kan géèmù rárá, ó ti ya fọ́tò ibi tí Windows ti kọ “Core i7”, ó ti gbé e sí status WhatsApp, àwọn èèyàn ti ń kí i kú oríire. Ìgbà tí ó wá ṣí GTA V ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ inú géèmù ń rìn, ó ń dúró, ó ń tún rìn. Kò yàtọ̀ sí ti àná.

Kò lè yàtọ̀. Kò sí graphics card nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Processor fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán. Ẹ̀yà tó ń yàwòrán nínú i3-2120 ni Intel sọ ní HD Graphics 2000. Èyí tó wà nínú i7-2600 ńkọ́? HD Graphics 2000. Ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́fà náà ló wà nínú ti èkejì. Ohun tó fi ju èkíní lọ kò ju pé eré rẹ̀ lè dé 1.35 GHz níbi tí tèkíní ti dúró ní 1.1. Awakọ̀ tuntun ni Bọ̀ọ̀dá gbà, ẹ́ńjìnnì dánfó àtijọ́ ló ṣì wà lábẹ́ ìjókòó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀daràn ló wá jáde. Òǹtajà ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí pé ayédèrú ló tà, ṣùgbọ́n ètò àyẹ̀wò CPU-Z jẹ́rìí sí i pé ojúlówó ni. Wọ́n bọ́ sórí Windows, Bọ̀ọ̀dá pa á rẹ́, ó tún gbogbo rẹ̀ gbé wọlé. Wọ́n bọ́ sórí NEPA, pé iná kò lágbára. Níkẹyìn, ó rántí àwọn tó rí status yẹn tí wọn kò kí i. Màmá rẹ̀ ti ń sọ pé kí ó gbé ẹ̀rọ náà wá síbi àdúrà.

Àbúrò rẹ̀ ló mú ọgbọ́n wá. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ṣe dín ìwọ̀n àwòrán kù ká wò ó? Bí ó bá yára, a jẹ́ pé yíya àwòrán ló ń fà á. Bí kò bá yí padà, a óò mọ̀ pé processor ni.”

Kò sí àyẹ̀wò tó dára ju ìyẹn lọ, kò sì gba kọ́bọ̀. Bọ̀ọ̀dá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé mo ra i7 kí n máa wo 800 × 600 ni?”

Ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn. Kò lè gba àtúnṣe tí kò ní rìsíìtì gbọ́. RAM rẹ̀ pé 8GB lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ i7-2600 a máa ka igi méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ méjì ni, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà dé ọ̀dọ̀ processor yóò tó bíi 21GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Igi kan gé e sí ìdajì. HD 2000 kò ní RAM tirẹ̀, inú ìdajì yìí ló ti ń yá lò. Igi kejì lójú pópó kan náà kò wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ní 8 ni 8.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé owó iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn Band A di ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú Power Options tó yí “Maximum processor state” sí 50% kí kọ̀ǹpútà má bàa jẹná. Ìgbà tó tún Windows gbé wọlé, ó kọ́kọ́ ṣe ètò náà padà, nítorí owó iná ṣì wọ́n. Processor tó lè sáré 3.4 GHz wá ń rìn ní ìdajì eré, ẹni tó dè é mọ́lẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń wá ọ̀tá rẹ̀ kiri. Ó tún gbójú fo ooru. Wáàtì 65 ni i3 yẹn, 95 ni i7; thermal paste àtijọ́ tó ti gbẹ ló sì ṣì wà láàárín òun àti irin tó yẹ kó máa mú un tutù. Bí processor bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ a dín eré kù kó má bàa jóná. Fáànù onídùúró kò lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, a sì mọ bí ọ̀sán oṣù kẹta ṣe máa ń rí ní Ìkẹjà.

Ká má purọ́ mọ́ processor o. Ẹni tó ra bọ́ọ̀dù AM4 lọ́dún 2017 tó fi Ryzen 5 1600 sí i lè fi Ryzen 7 5800X3D ọdún 2022 rọ́pò rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù náà, géèmù rẹ̀ yóò sì yára débi tí ojú lásán yóò fi rí i, bí ó bá ti ní graphics card gidi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé BIOS tuntun wọlé, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ń ba Bọ̀ọ̀dá lẹ́rù. Mi ò dá a lẹ́bi: bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù lè kú síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbà pé graphics card ló kù. Láti ìgbà tí Ethereum ti jáwọ́ nínú wíwa owó pẹ̀lú káàdì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni àwọn káàdì tí wọ́n ti lò nílòkulò ti tú sọ́jà. RX 580 ló mú. GTX 1050 Ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, wáàtì 75 péré, tí ojú ihò nìkan lè bọ́ láìsí wáyà míì. Ó ní ó kéré.

Wáàtì 185 ni RX 580, processor 95. Gbogbo ohun tí pówà sọ́púláì inú 790 onílé gíga lè pèsè kò ju 265 lọ, kò sì ní wáyà tí káàdì náà ń béèrè; Bọ̀ọ̀dá ra àsomọ́. Mo ti sọ pé ìṣirò owó ló kà ní poli. Kò ro ó pọ̀. Ó ṣí géèmù, ọkọ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ké “Ẹ wá wò ó!”, kọ̀ǹpútà sì kú fin-ín. “NEPA!” ló pariwo. Gílóòbù yàrá ń tàn lókè orí rẹ̀.

Géèmù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú yìnyín North Yankton ni GTA V ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú olè jíjà ní báǹkì, kí ó tó gbé èèyàn lọ sí Los Santos. Bọ̀ọ̀dá kò tíì dé Los Santos. Gbogbo ìgbà tó bá tún Windows gbé wọlé ni ó ń pàdánù ibi tó dé, tí yóò tún lọ ja báǹkì yẹn lólè. Kì í tilẹ̀ wo àwọn olè náà. Igun òkè ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí nọ́ḿbà fps (iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) wà, ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Ó ti ń polówó kọ̀ǹpútà náà báyìí: “Gaming PC, Core i7, RX 580, kò ní wàhálà kankan.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí i: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wáàtì mélòó ni pówà sọ́púláì rẹ̀?” Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ọmọ ayé òde òní ti ń béèrè jù, ó sì bulọ́ọ̀kù rẹ̀.